Ilé Oyin Tí Mo Fọwọ́ Sí ní Ugbonla

Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ fún mi pé oyin ti ta Bàbá Sùlè ní Ugbonla, mo wà ní ọ́fíìsì wa ní Igbokoda, mo ń jẹ búrẹ́dì. Mo gbé búrẹ́dì náà sílẹ̀. Mo mọ oyin tó ta á. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé wọn.

Iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka ọ̀gbìn àti ohun ọ̀sìn ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní etí omi tiwa, ẹja ni gbogbo èèyàn mọ̀. Àwọn tó ń sin oyin kò pọ̀ rárá. Síbẹ̀, ọ́fíìsì wa ní ìlànà fún un. Kódà bó bá jẹ́ àpótí kan ṣoṣo lo fẹ́ fi ṣe fàájì, wàá forúkọ sílẹ̀, àwọn aládùúgbò yóò gbà, òṣìṣẹ́ yóò sì wá fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀: ó kéré tán, àádọ́ta ìṣísẹ̀ láti ìdí àpótí dé ilé ẹlòmíràn tàbí ọ̀nà tí èèyàn ń gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni òṣìṣẹ́ náà yóò tó fọwọ́ sí ìwé. Èmi ni òṣìṣẹ́ náà.

Màmá Tíṣà ló kọ́ mi ní ABD nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú, ó gbé àpótí oyin méjì sẹ́yìn ilé. Kò ta oyin wọn rí. Ó kàn máa ń gbé àga jáde, kó máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Ó ní wọ́n dà bí kíláàsì tí kò sí aláriwo nínú rẹ̀.

Fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Igbokoda láti forúkọ sílẹ̀, mo sì bá a padà lọ wo ibẹ̀. Ó fún mi lómi mu, ó gbé ẹja yíyan síwájú mi. Nígbà tí mo jẹun tán, ó ní, "Kọ́lá, dìde, wá wọn ilẹ̀ náà."

Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó. Ta ni mí tí n ó máa wá wọn ilẹ̀ fún yín?"

"Òfin ni. Bàbá Sùlè tó ń kan ọkọ̀ ló wà lẹ́yìn ọgbà yẹn. Lọ bi òun náà bóyá ó gbà."

"Mo ti fojú wọ̀n ọ́n, ma. Ó tó."

Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún un. Mo kọ àádọ́ta sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i, mo bá ọkọ̀ ọ̀sán padà.

Kò tó. Kò tiẹ̀ tó ọgbọ̀n. Nígbà tí Bàbá Sùlè bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tuntun, ariwo òòlù bí àwọn oyin náà nínú, wọ́n sì tú bò ó. Ó bẹ́ sómi. Gbogbo ìgbà tó bá yọrí láti mí, wọ́n ń dúró dè é. Kí wọ́n tó fà á sínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ti wú dí. Ó pẹ́ nílé ìwòsàn, ojú òsì rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́.

Àwọn àgbà ìlú pè wá jọ. Màmá Tíṣà mú ìwé rẹ̀ jáde. Olórí wọn yíjú sí mi, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ wọn ibẹ̀?"

Gbogbo ohun tí mo rí nígbà náà kò ju iṣẹ́ mi tó fẹ́ bọ́ lọ. Mo ní, "Ibi tí mo wọ̀n kọ́ ni àpótí wà báyìí."

Màmá Tíṣà wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá jí iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ ní kíláàsì. Kò jà. Ó ní ẹ̀bi òun ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n da kẹrosíìnì sí àpótí méjèèjì, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Màmá jókòó, ó ń wò wọ́n títí iná fi kú. Láti ibẹ̀ ó lọ bẹ Bàbá Sùlè nílé ìwòsàn, kò sì pẹ́ tó fi kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Òkìtìpupa.

Ìgbà tí èmi náà fẹ̀yìn tì ni mo tó lè wá a lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Ó ní, "Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ mẹ́ta lo ní nílé ẹ̀kọ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé o ti sọ fún Bàbá Sùlè?"

"Rárá, ma."

"Kí lo wá ń wá lọ́dọ̀ mi?"

Ọjọ́ kejì ni mo dé Ugbonla. Àwọn ọmọ Bàbá Sùlè ló ń kan ọkọ̀ báyìí. Òun jókòó tì wọ́n, ó ń fìka tọ ibi tí pákó méjì ti pàdé, nítorí ojú rẹ̀ kò gbé e mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí pákó.

Ó ní, "Ìyá yẹn kúnlẹ̀ fún mi nílé ìwòsàn. Ojú mi wú, mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mi ò dá a lóhùn títí tó fi lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó dá mi dúró.

"Lọ wá ọkọ̀," ó ní. "Mú mi lọ sí Òkìtìpupa."