Tíṣà Tó Ń Gé Ọ̀rọ̀ Bí Ẹja

Títí di òní, bí mo bá rí ọ̀rọ̀ gígùn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fa ìlà sí i láàárín. Ìyá tó kọ́ wa ní báọ́lọ́jì ní Àgùdà ló kó àṣà yẹn ràn mí. Wọ́n á jókòó, wọ́n á bọ́ bàtà, torí ẹsẹ̀ wọn máa ń wú, wọ́n á wá ní: “Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni. Ẹ má gbé e mì lódindi. Ẹ gé e bí ẹja.”

A ó fi ṣọ́ọ̀kì gé e lójú bọ́ọ̀dù: “kádíò” ni ọkàn, “nẹ́fírò” ni kíndìnrín, “pátì” tó wà nídìí ni àìsàn. Bí ẹnìkan bá ṣì í, wọ́n á mí kanlẹ̀: “Ọmọ yìí, o tún dá kún àárẹ̀ mi.”

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọbìnrin wọn la jọ gbé wọn lọ sọ́sípítù ní Yábàá. Ọmọ náà ti bẹ dókítà pé kó fi gírámà bo orúkọ àìsàn náà, kí ẹ̀rù má baà ba ìyá òun. Ó jọ pé ó ti gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Dókítà ní “nẹ́fírópátì” ni. Ìyá kàn ń mirí bí ẹni tí kò yé.

Nígbà tí ọmọ jáde lọ ra oògùn, wọ́n rọra fi ìka fa ìlà sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

“Kíndìnrín mi ni,” wọ́n ní. “Má sọ fún un pé mo mọ̀ o. Ó ti rẹ ọmọ yẹn. Jẹ́ kó rò pé òun rí i fi pamọ́.”