Ẹ̀rí tí Akínjídé Kọ Lẹ́ẹ̀mejì

Olútáyọ̀ Akínjídé ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tó sá kúrò nílé rẹ̀ ní Troyeville, àdúgbò kan ní Johannesburg. Ọmọ Iléṣà ni. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìṣirò fún ogún ọdún ó lé mẹ́ta ní Nàìjíríà kó tó wá ṣe iṣẹ́ kan náà ní Johannesburg, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ ló gbà á lọ́kàn jù. Láti ọdún 1974 ló ti ń wá ẹ̀rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nípa àwọn nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín dọ́gba àfi oókan àti ara wọn. Ó ti kọ ọ́ kún ìwé mọ́kànlá. Ó gbà pé òun ti rí ẹ̀rí náà, síbẹ̀ kò fi ránṣẹ́ síbì kankan. Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ó ku kí n tún un kà."

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, àwọn ọmọ ìlú kan bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn àjèjì tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè kúrò ládùúgbò, wọ́n sì ń dáná sun ilé wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, aládùúgbò Akínjídé, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Zulu, sáré wá kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ máa lọ báyìí," ó ní. "Wọ́n ti kọjá robot tó wà ní ìkóríta." Iná tó ń darí ọkọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Àyọ̀ká, ìyàwó Akínjídé, mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Bàbá fẹ́ yà sí yàrá tí àwọn ìwé náà wà. Àyọ̀ká kò gbà fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi sùn nínú gbọ̀ngàn ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Yeoville. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo ilé, ògiri tí iná ti sọ di dúdú ni wọ́n bá.

Ìtàn náà tàn ká. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rí pàápàá ń sọ pé iṣẹ́ ńlá tí ì bá sọ bàbá di olókìkí ti jóná. Micah, ọmọ Èkìtì tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí, tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Doornfontein, wá bẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá tí wọ́n háyà ní Yeoville.

"Ẹ tún un kọ, sà," ó ní. "Ilé ló jóná, orí yín ò jóná."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, á jókòó sídìí fèrèsé, á máa kọ. Ọdún 2009 ti wọlé dáadáa kó tó dé ibì kan tó rántí pé òun kọ nínú àwọn ìwé tó jóná pé, "Èyí hàn gbangba." Ó fẹ́ kọ ìdí tó fi hàn gbangba, kò rí i kọ. Ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó rí nọ́ńbà kan tó já a nírọ́.

Kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà.

"Kí ló dé?" Àyọ̀ká bi í.

"Ẹ̀rí yẹn ò fìgbà kan tọ̀nà."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. "Ta ló mọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ti jóná."

"Micah sì ti pè yín pé kí ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní yunifásítì."

"Ó ti pè mí."

Àyọ̀ká rọra bo oúnjẹ náà.

Ní oṣù Kẹjọ, gbọ̀ngàn kún ní Doornfontein. Akínjídé kọ ẹ̀rí náà sójú pátákó títí dé ibi tó ti yẹ̀, ó sì fa ìlà sí i. "Ibi tí mo ti ṣìnà rèé," ó ní. "Ẹ má bá mi kẹ́dùn ìwé tó jóná mọ́." Obìnrin kan wá béèrè bóyá ohunkóhun ṣì kù níbẹ̀. Ó ní ó kù, ó kàn kéré ni, ó sì fi hàn wọ́n.

Nígbà tí wọ́n jáde, inú Micah kò dùn. "Ẹ ò bá ti sọ fún mi ṣáájú, sà."

"Bí mo bá sọ fún ọ, wàá bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ níta."

Ní ọdún 2010, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìṣirò kan gbé èyí tó kù yẹn jáde, ojú ìwé mẹ́rin péré. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ò dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Àyọ̀ká ló gbé ìwé náà wá bá a lọ́jọ́ kan, ó ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Kò béèrè irú rẹ̀ rí láti ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Nígbà tí wọ́n dé ojú ìwé kejì, ó dá a dúró.

"Ibí yìí ò yé mi."

Bàbá fa àga sún mọ́ ọn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.