Adé Ara Ìbọn Iresa

Ẹ ò rí ìwọ̀sí! Kí wọ́n wọ àgbẹ̀dẹ bàbá ẹni wá, kí wọ́n máa tàbùkù iṣẹ́ ọwọ́ bàbá náà lójú ẹni, kéèyàn sì máa rẹ́rìn-ín sí wọn! Gàníyù ò le ṣe é. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú ló ti ń rọ ọkọ́ àti àdá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sì gbàgbàkugbà.

Simon, ọmọ ọdẹ kan ní Iresa, ló gbé ìbọn olóògbé bàbá rẹ̀ wá. Títílọlá bá a wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin yìí ń ṣa ẹ̀yà ara ìbọn sójà ayé àtijọ́ jọ fún ìpàtẹ kan, ó sì mọ àmì ilé iṣẹ́ tó rọ ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ́ kí Gàníyù tú irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà, torí adé kékeré kan wà lára rẹ̀ tí Títílọlá fẹ́ yẹ̀ wò. Adé yìí ni Simon fi ń ṣe fáàrí láti kékeré, pé ìbọn ọba òyìnbó ni bàbá òun ń gbé lọ sígbó.

Gàníyù tú u, ó fi epo nù ún. Bó ṣe rí adé náà, ó dá a mọ̀, ṣùgbọ́n ó pa ẹnu mọ́. Títílọlá gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lójú lé e, ó mí kanlẹ̀.

"Bọ̀dá Simon, ẹ má bínú o. Ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́ ló lu èyí. Tiwọn máa ń jinlẹ̀ dọ́gba, lẹ́tà àti ọdún á sì wà lábẹ́ adé. Ẹnìkan ló fọwọ́ lu eléyìí. Ayédèrú ni."

Simon pòṣé. "Ìbọn alágbẹ̀dẹ lásán ni bàbá mi wá ń gbé kiri?"

Lásán! Israfil, bàbá Gàníyù, ló rọ ìbọn yẹn. Ṣé ó wù ú kó lu adé ni? Nígbà tó ń lu àmì ilé wọn sára ìbọn, ilà mẹ́ta tó wà lára gbogbo ọkọ́ wọn, àwọn ọdẹ a máa pòṣé, wọ́n a ní iṣẹ́ ìbílẹ̀ ni, wọ́n a bá tiwọn lọ. Ó lu adé sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà dù ú. Irin kan náà, ọwọ́ kan náà! Gàníyù ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe bàbá òun ní oníjìbìtì, ìdí nìyẹn tó fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n "lásán" yẹn ti pọ̀ jù.

"Bàbá mi ló rọ ọ́!" Ó tú àpótí, ó ju òǹtẹ̀ irin tí Israfil fi ń lu adé sílẹ̀ níwájú wọn. "Ẹ wò ó, eyín adé kan ti kán. Ẹ wo ti ìbọn, eyín kan náà ni kò sí níbẹ̀. Simon, gbogbo ẹran tí bàbá ẹ fi ìbọn yìí pa tó fi tọ́ ẹ dàgbà, ṣé ayédèrú ni wọ́n?"

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Títílọlá wí. "Mi ò mọ̀ ni."

Gàníyù mú irin ẹlẹ́nu mímú, ó gbé òòlù, ó lu ilà mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ adé náà, ó sì dè é padà mọ́ ìbọn.

"Gbé e lọ. Bí wọ́n bá bi ẹ́ ní Iresa, sọ pé Israfil ló rọ ọ́."

Simon dúpẹ́, ó jáde. Àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ń wo ìbọn náà, wọ́n ń kí i. Ó gbé e sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Àtàǹpàkò rẹ̀ bo ilà mẹ́ta náà, adé nìkan ló hàn.

Gàníyù sáré jáde tòun ti òòlù lọ́wọ́.

"Simon! Gbé ọwọ́ ẹ kúrò lórí bàbá mi!"