Ìkíni Àárọ̀ Tó Ń Ti Ọsibítù Wá

Ó pẹ́ gan-an tí baálé mi ti ń gbé ìpá kiri kó tó gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun. Àgbẹ̀ ni. Ebè ló ń kọ, iṣu ló ń gbé. Bí nǹkan náà bá yọ sílẹ̀, á fọwọ́ tì í padà, á sì tún gbé ọkọ́ rẹ̀. Nígbà tó di pé kò lè rìn dé ẹ̀yìnkùlé kó má jókòó sinmi, òun fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ. Wọ́n là á ní ọsibítù kan ní Ìgbó-Ọrà, wọ́n rán an, ó sì jí. Mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé wa ní Ìdèrè, nọ́ọ̀sì kan béèrè nọ́ńbà fóònù tó máa ń wà nílé. Tèmi la fún un, torí ti baálé mi, oko ló máa ń gbàgbé rẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ní ẹ̀rọ kan tí yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa lédè Yorùbá. Láàárọ̀ yóò béèrè bí ojú egbò ṣe rí, bí àsìkò oògùn bá sì tó, yóò rán wa létí. Ó ní:

"Ìyá, a ò sí nílé yín ká máa wo bàbá. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀ ni ojú tí a fi ń rí wọn."

Mo kàwé díẹ̀ ní kékeré, wọ́n sì tún kọ́ wa ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí mo ti bímọ tán. Mo lè ka Yorùbá bí ẹnikẹ́ni kò bá kán mi lójú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí mo bá jókòó ti ẹ̀gúsí tí mò ń bó lójúde, fóònù á dún.

"Kí ni wọ́n wí?" Baálé mi á ti béèrè láti orí àga rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n rí i ná. 'Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ara le?'"

"Ara le, a dúpẹ́. Gbé e wá kí n tẹ oókan fún wọn."

"Ó kù, Bàbá Ìbejì. 'Ṣé ojú egbò gbẹ? Bí ó bá gbẹ, ẹ tẹ oókan. Bí ó bá ń ṣomi tàbí ó ń rùn, ẹ tẹ eéjì.'"

"Mo ti gbọ́. Gbé e wá."

Á tẹ oókan. Á tún gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu, á ní, "Ẹ kú àdúrótì wa o. Ẹ bá wa kí dókítà." Èmi á máa rẹ́rìn-ín, màá sì máa bó ẹ̀gúsí mi lọ. Ní ti oògùn ṣá, n kò lè purọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ràn mí lọ́wọ́. Ẹni tí kì í rántí ibi tó fi fìlà rẹ̀ sí wá ń pè mí pé, "Ìyá Ìbejì, wọ́n ti ránṣẹ́. Omi dà?"

Ibi tí egbò wà kì í ṣe ibi tí àgbàlagbà ọkùnrin ń ṣí kiri, kódà fún ìyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ nínú yàrá bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ ọ. Aṣọ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ rẹ ìró tó fi sùn sómi, mo rí àbàwọ́n kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo gbé e símú. Mo tún un gbé símú. Òórùn yẹn kì í ṣe ti òógùn.

Mo rántí pé láti bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń fi jókòó. Mo sì rántí pé ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, oókan ló ń tẹ̀.

Mo nu ọwọ́ mi, mo wọlé tọ̀ ọ́.

"Bàbá Ìbejì, ojú egbò yín ń ṣomi."

Ó fa aṣọ bo itan.

"Kí ló dé tí ẹ ń tẹ oókan?"

"Kí ni kí n wá tẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ara mi ò yá. "Ẹni tó jí, tí kò tíì jẹun, tó ní ṣé ara mi le, ṣé ìráhùn ni màá kó lé e lórí? Wọ́n là mí, wọ́n tọ́jú mi, wọ́n tún ń kí mi láràárọ̀. Kí n wá fi ẹnu ara mi sọ pé mi ò gbádùn, kí áńgẹ́lì máa ṣe àmín sí i?"

N kò bínú sí i. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ẹni tí orí ń fọ́ á sọ pé òun dúpẹ́, ẹni tí kò sùn mọ́jú á sọ pé òun jí dáadáa, ẹni tó ń kí i á sì mọ bó ṣe máa wo ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù kò lójú tó fi ń woni. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ṣí àtẹ̀jíṣẹ́ àárọ̀ yẹn, mo tẹ eéjì níṣojú rẹ̀.

"O ti lọ fi ẹjọ́ mi sùn nìyẹn!"

"Mo ti fi sùn."

Kò pẹ́ rárá tí fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní òun fẹ́ bá bàbá sọ̀rọ̀ fúnra òun. Mo gbé e fún un. Ẹ gbọ́ ohun tí baálé mi wí:

"Hẹn, nọ́ọ̀sì, ẹ káàárọ̀ o. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? A dúpẹ́ o, ara ń le."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, kíkí ni wọ́n ń kí yín. Egbò ń ṣomi, ó sì ń rùn."

Ó ní ká máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀, ká má gun ọ̀kadà.

Nínú takisí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, torí òun náà ló ń ba èmi. Bó bá jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ló ti bàjẹ́, wọn yóò tún un là, ara rẹ̀ kò sì lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n mú un wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì mìíràn jáde, ó ní, "Ìyá Ìbejì!" Bí àwa ìyá ìbejì ṣe máa ń pọ̀ tó ní Ìgbó-Ọrà, obìnrin bíi mẹ́ta la jọ dìde. Èmi ló ń pè.

Dókítà ní awọ òkè nìkan ló kẹ̀, kò tíì dé inú. Wọ́n ti tú díẹ̀ nínú okùn tí wọ́n fi rán an, wọ́n ti fún ọyún náà jáde, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n yóò sì pààrọ̀ oògùn. Ó ní bí a bá fi sílẹ̀ pẹ́ jù báyìí lọ ni, orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni wọn ì bá tún gbé e lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ebi ń pa mí. Mo ra ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́nu ọ̀nà, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró, mo sì bu ti baálé mi sínú ọ̀rá.

Bí a ṣe ń padà sílé ló tó kọjú sí mi. "Ìyá Ìbejì, tí wọ́n bá tún kí mi láàárọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ fi ẹnu kí wọn padà bí ẹ ṣe máa ń kí wọn. Tí ẹ bá kí wọn tán, kí ẹ wá fi ìka sọ òótọ́."

Ó wo ìka rẹ̀. "Ìyẹn dára," ló wí.

Ohun tó wá ń ṣe nìyẹn. Á kí fóònù dáadáa, á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á wá tẹ eéjì. Ó tilẹ̀ wá ń tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀sì pè wá pẹ̀lú ìpayà pé kí ló tún ṣẹlẹ̀. Baálé mi ní orúnkún ni, òjò ń bọ̀.

"Bàbá, orúnkún kọ́ la bi yín!"

"Ẹ ní kí n sọ òótọ́ ni," ló dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí fóònù fi gé.

Nígbà tó ṣe, àárọ̀ kan, mo ka ti wọn fún un bí mo ṣe máa ń kà á. Ó kí wọn. Ó na ìka síbi tó fẹ́ tẹ̀, ó dá ọwọ́ dúró, ó sì pè mí wọ yàrá. Ó tú ìró rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yíjú sí ògiri.

"Wò ó fún mi dáadáa. N kò fẹ́ parọ́ fún wọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Awọ ti pàdé awọ. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kò tutù, kò gbóná.

"Ẹ tẹ oókan," ni mo wí.