Òróró Lára Láàpútọ́ọ̀pù

Ìyá mi kì í jẹ́ kí nǹkan pàtàkì kọjá láìfi òróró kàn án. Ìwé ẹ̀rí mi jẹ nínú òróró ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun tí àbúrò wọn kọ́ sí Ayọ̀bọ̀ náà jẹ níbẹ̀. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé láàpútọ́ọ̀pù mi sórí itan lẹ́yìn àdúrà, wọ́n sì fi àtàǹpàkò fa òróró sí etí rẹ̀ yípo. "Ibi tí wọ́n ti kọ̀ ẹ́, wọ́n á tún pè ẹ́." Mo ṣe àmín gidi. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílé láìníṣẹ́.

Tòkunbọ̀ ni láàpútọ́ọ̀pù ọ̀hún, ó ti darúgbó, nínú àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, Linux nìkan ni kò wúwo jù fún un. Bí mo ṣe tàn án, kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Fóònù tí mo fẹ́ gba dátà láti ara rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò rí i. Wáyà tí mo ní, iná nìkan ló ń gbé, ìdánwò náà kò sì ṣeé ṣe lórí fóònù. Mo tẹ àṣẹ, mo bi í léèrè ohun tó dí wáífáì. Ó ní láti ara ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n ti dí i, kì í ṣe láti inú ètò rẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́, mo ní ètò tuntun tí mo gbà sórí rẹ̀ lánàá ló bà á jẹ́. Mo yọ ọ́ kúrò, mo pa á, mo tún tàn án. Òfo.

"Iṣẹ́ ọ̀tá ni jàre," ìyá mi sọ lẹ́yìn mi. "Jẹ́ n tún fi díẹ̀ sí i."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án ṣá!"

Àkókò ìdánwò kọjá. Mo fi fóònù kọ̀wé bẹ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n ní ó ti parí.

Nígbà tó yá, eruku ti lẹ̀ mọ́ òróró náà, mo mú àkísà láti nù ún. Ní etí iwájú, nǹkan kan tó kéré bí hóró ìrẹsì sún lábẹ́ ìka mi. Iná kékeré kan tàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo àdúgbò sì tò sójú rẹ̀, títí kan ti ará òkè wa tó sọ tiẹ̀ ní "Lọ Ra Tìẹ". Ibi tí wọ́n ti ń pa wáífáì ni. Mi ò mọ̀ rí pé ó wà níbẹ̀. Àtàǹpàkò ìyá mi ló tì í.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Inú bí mi gan-an. Mo wọ yàrá wọn láti sọ ọ́ sí wọn lójú. Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ló dí ọmọ àwọn lọ́wọ́, kó dárí jì àwọn. Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi ti rí ìtumọ̀ tiwọn. Wọ́n gba máìkì ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ewu ń bẹ níbi iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ Ọlọ́run ló tìlẹ̀kùn. Ìjọ pariwo halelúyà. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ mi, wọ́n ń kí mi kú oríire iṣẹ́ tí mo pàdánù. Ìyá mi jó lọ síwájú pẹpẹ, mo sì jó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ìbínú, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ìbínú yẹn ò tíì tán. Láàpútọ́ọ̀pù mi ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ènìyàn báyìí. Èmi ni mi ò tíì ríṣẹ́, ìyá mi sì ti gba òróró tuntun.