Àpótí tí Màmá Kò Jẹ́ Kí A Pa Dé

Bí òórùn káńfọ̀ bá ta sí mi nímú, ẹ̀rín ló máa ń pa mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní àdúgbò wa, Adjamé, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ajá wa rọbí fún wákàtí méjì, kò sí ọmọ. Màmá ní ká ṣí gbogbo ohun tó wà ní títì, bí wọ́n ti ń ṣe fún aboyún tó ń rọbí, kí ọ̀nà lè ṣí fún ọmọ. Ó ṣílẹ̀kùn, ó tú irun mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀ tí òórùn káńfọ̀ kún inú rẹ̀. Ni ajá bá kó sínú àpótí, ó sùn lé léèsì.

Bàbá mú taksí dé. "Ó tó gẹ́ẹ́! Allez, ó yá, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran!"

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti dúró pẹ́ jù nílé nígbà tí Màmá ń rọbí ẹ̀gbọ́n mi tí kò yè.

Bàbá gbé àpótí tajátajá. Màmá di ìdérí rẹ̀ mú ní ṣíṣí títí dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Zone 4. Dókítà fa ọmọ tó há jáde, mẹ́ta tẹ̀ lé e.

Màmá wo Bàbá. "Ẹ ò rí i? Ká ní mo pa á dé ńkọ́?"