Ilẹ̀kùn Ilé Adìyẹ Tí A Sọ Di Títì

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìkẹ́rẹ́, tí iṣẹ́ àárọ̀ wa kò ju pípọn omi, gbígbálẹ̀ àti dída adìyẹ síta lọ, ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé tẹ̀lé ìyá wa lọ kí olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tó dé, kò lè jẹ iṣu sísun tí a gbé fún un pẹ̀lú epo. Ó ní òun rí ọkọ̀ ìṣeré kan níbẹ̀. Pákó ni títì rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sí i lára, ìṣó kékeré abẹ́ ọkọ̀ náà wọ inú ojú ọ̀nà ọ̀hún, wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì ń fún un níná.

"Tinúkẹ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án o! Òun fúnra rẹ̀ ló ń yà ní kọ́nà!"

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ọkọ̀ agolo mílíìkì tí à ń fi okùn fà. Èyí yàtọ̀, èmi náà sì fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é.

Ilẹ̀kùn àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé. Màámi ti fi í pamọ́ láti fi ṣe ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ, torí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń gbé adìyẹ rẹ̀. Káyọ̀dé yá irin tí káfíńtà fi ń gbẹ́ igi, ó gbẹ́ ojú ọ̀nà méjì yípo lára ilẹ̀kùn náà, a sì tẹ́ wáyà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí a bá ti fi ìka tẹ wáyà mọ́ bátìrì, ọkọ̀ á sáré. Bí a bá gbé ìka kúrò, á dúró.

Yíyan ohun tí a ó fi kan ọkọ̀ ló wá gbà wá lọ́kàn. Bọ̀dá Àjàyí tó ń tún rédíò ṣe jẹ́ ká máa tú apẹ̀rẹ̀ òkú rédíò rẹ̀ wò, ká yọ ẹ́ńjìnì kékeré tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì. A ó fi bátìrì kàn án, a ó gbé e sétí. Òmíràn á máa kùn bí oyin, òmíràn á máa wúkọ́. Èyí tó bá yára jù ni Káyọ̀dé máa ń mú. Sílípáàsì tó ti já la fi ọ̀bẹ gbígbóná gé ṣe táyà, òórùn rẹ̀ sì kún ilé ìdáná. Agolo sàdíìnì la fi ṣe ara ọkọ̀, àwọn èèrà sì ń tò tẹ̀lé e.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ bá ti dé kọ́nà, á fò jáde. Orí ìyẹn la wà tí Màámi fi dé láti ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ.

"Ulẹ̀kùn mi!"

Bí olùkọ́ ni Màámi ṣe máa ń bá wa sọ̀rọ̀. Bó bá ti bọ́ sí èdè Ìṣẹ̀ tí wọ́n ti bí i, a mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ nìyẹn. A kúnlẹ̀, a nawọ́ sókè kó tó sọ pé ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ wáyà, ọkọ̀ sáré, ó fò jáde, ó já sínú abọ́ ẹ̀gúsí. Màámi mú un, ó yí i dojú dé.

"Kí ló dé tí kò lè yà?"

A rò pé ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mú wa ni.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀, kí ẹ dá mi lóhùn."

A ní a ò mọ̀. Ó wá ní, "Ó dáa. Èmi náà á kan tèmi. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó jọ díje. Bí ọ̀kan nínú yín bá borí mi, ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀kùn. Bí mo bá borí yín, ó ń lọ sí ilé adìyẹ."

Bí Màámi ṣe di oníbàárà Bọ̀dá Àjàyí nìyẹn. Gbogbo ẹ́ńjìnì tó yára ló kọ̀. Èyí tó ń fà bí ìgbín ló mú, Káyọ̀dé sì rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń rò ó bí mo ti ń bó ẹ̀gúsí: kí ló rí lára rẹ̀? Mo so nọ́ọ̀tì kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kó lè wúwo, iwájú rẹ̀ gbé sókè. Mo gbé e síwájú, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo gé táyà ẹ̀yìn kó fẹ̀ sí i. Ó yà! Èmi nìkan ló wà níbẹ̀, mo sì pariwo.

Ní Sátidé, ọkọ̀ Káyọ̀dé fò lọ bá àwọn adìyẹ ní kọ́nà àkọ́kọ́. Ó wá kan èmi. Màámi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, gèlè rẹ̀ ti jábọ́, ó ń pariwo, "Yà! Yà, jọ̀ọ́!" Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ mi ti ṣíwájú tirẹ̀. Ó ku kọ́nà kan péré, ó yẹ kí n gbé ìka kúrò, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́. Ọkọ̀ mi fò. Tirẹ̀ rọra fà títí ó fi délé.

Mo bú sẹ́kún. Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà kúrò lára ilẹ̀kùn.

"Ta ló ní kó o tú u?" Màámi béèrè.

"Ẹ ní bí ẹ bá borí wa..."

"Mo mọ ohun tí mo sọ." Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó. "Ṣé ẹ̀yin ò fẹ́ mọ bó ṣe máa rí, bí a bá fi ẹ́ńjìnì Káyọ̀dé sínú tèmi?"

Ilé ìdáná ni àwọn adìyẹ sùn títí káfíńtà fi kan ilẹ̀kùn mìíràn fún wọn.

Lónìí, orí fóònù ni ọmọ mi ti ń yan ohun tó fẹ́ fi kan irú ọkọ̀ yìí. Wọ́n kọ agbára ẹ́ńjìnì síbẹ̀, wọ́n kọ bí táyà ṣe fẹ̀ tó, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà nínú páálí. Mi ò ní sọ pé tiwa dára ju tiwọn lọ. Tiwọn lẹ́wà, kò sì rùn. Àmọ́ àwa kì í mọ ohunkóhun nípa ẹ́ńjìnì kan àfi ká gbé e sétí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ rẹ̀ tó fara balẹ̀ yàn yẹn fò jáde ní kọ́nà. Ó ń wo fóònù, ó ń wo ọkọ̀. Ìdáhùn ti dé ètè mi. Mo gbé e mì, mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo sì dúró kí n rí ohun tó máa kọ́kọ́ dán wò.